Àpótí Ìyálé

Owú kì í jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tó ń dùn ún gan-an. Àwẹ̀ró, ìyálé ní agboolé àwọn aláró, rí i pé àwọn oníbàárà ń kọjá lára òun lọ bá Fádérera, ìyàwó kékeré, ló bá pè é síwájú gbogbo obìnrin ilé pé: “Nínú èmi àti ìwọ, ta ló mọ aṣọ í rẹ jù? Bí o bá ní èmi ni, o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá ní ìwọ ni, o rí mi fín. Èyíkéyìí tí o bá sọ, o ò ní rẹ aṣọ níbí mọ́.” Fádérera kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, oníbàárà mẹ́ta ló kọjá lára yín láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ò kí yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, á dùn mí. Ṣé ohun tó ń dùn yín nìyẹn?” Àwẹ̀ró pariwo: “Ṣé kò yẹ kó dùn mí ni? Èmi tí mo ti ń po aró kí wọ́n tó bí ọ!” Fádérera dìde, ó gbé àpótí tí ìyálé rẹ̀ fi ń jókòó, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kọjá láì kí ẹni tó jókòó. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ṣí ìkòkò fún wọn.” Kí oòrùn tó yí, oníbàárà kan dé, ó kúnlẹ̀ kí Àwẹ̀ró dáadáa, ó wo aṣọ tí wọ́n fà yọ, ó ní, “Áà, aró yìí mà dára o! Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló mọ aṣọ í rẹ jù?” Àwẹ̀ró wò ó látòkè délẹ̀. “Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ẹ fẹ́ da ilé wa rú ni?”