Ilé-Ẹ̀kọ́ Onílẹ̀kùn Méjì

Alàgbà Jeremáyà Adégòròyè ni ó kọ́kọ́ pa àkàwé yìí, ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Kẹta ọdún 1981, ní ìloro ilé rẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó pa á fún. Ìjọ ti yan Fẹ́hìntọ́lá pé kí ó ṣètò ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú fún àwọn ọmọ ogunléndé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú. Ó gbé ìwé ètò olójú-ewé mẹ́rìnlá wá fi han bàbá rẹ̀. Bàbá kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́bàá odò, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ń ṣe. Kì í kan àga, kì í kan bẹ́ẹ̀dì, bí kò bá tíì fi okùn wọn ẹni tí yóò lò ó. Yóò na okùn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, yóò ta á ní kókó. Yóò nà án láti orúnkún dé ìdí, yóò tún ta á ní kókó. Okùn ilé kọ̀ọ̀kan ni ó so mọ́ ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Bí arúgbó kan bá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ àga, gbẹ́nàgbẹ́nà á ní, "Ẹ sọ fún bàbá pé mo mọ orúnkún wọn."

Ní ọdún kan, ogun lé àwọn ará òdì-kejì odò kúrò nílé. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá, tàgbà tọmọdé, wọ́n sì pàgọ́ sí ẹ̀yìn ọjà. Baálẹ̀ yọ̀ǹda ilé ńlá kan tí àwọn oníkòkó ń kó kòkó sí, ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Inú àwọn oníkòkó kò dùn sí i. Ni Baálẹ̀ bá fi àdéhùn sí i: bí ọmọ bá kún ilé náà nígbà tí kòkó tuntun bá dé, ilé di ti ọmọ, bí kò bá kún, kòkó yóò padà síbẹ̀.

Inú gbẹ́nàgbẹ́nà dùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi sí iléèwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó fi ṣe é. Ó gbé fèrèsé sókè, kí ojú ọmọ má baà yà sí ìta. Ó kan bẹ́ǹṣì méjìlá, ó sì fi ìṣó dè wọ́n mọ́ pákó ilẹ̀, kí ọmọ má baà máa wọ́ wọn kiri. Gbogbo wọn dojú kọ pátákó ìkọ̀wé, wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Okùn àwọn ọmọ agboolé tirẹ̀ ni ó fi wọn bẹ́ǹṣì náà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́tàlélógójì wọlé. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, tíṣà nìkan ni ó jókòó síbẹ̀, ó ń lé eṣinṣin.

Olórí àwọn oníkòkó ń kọjá lọ, ó yọjú wo inú ilé.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, o kú iṣẹ́ o! Bẹ́ǹṣì rẹ dán. Àpò kòkó mi á jókòó dáadáa lórí wọn. Wọn ò ní pariwo, wọn ò sì ní sá lọ."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní aláìmoore ni àwọn ogunléndé, pé ọmọ wọn kò fẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbẹ́nàgbẹ́nà lára. Kòkó sì ti ń pọ́n lóko. Ó dé fìlà, ó fi ìbínú gba àgọ́ lọ.

Ó bá obìnrin kan tí ó ń ṣa ẹ̀wà, ọmọbìnrin rẹ̀ tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jókòó tì í, ó pọn àbúrò rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" gbẹ́nàgbẹ́nà béèrè. "Kí ló dé tí ọmọ yín kò wá mọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ wá, bàbá. Ọmọ ni kí ẹ bi. Òun ló jókòó níbẹ̀, èmi kọ́."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọmọ náà. Kò bi ọmọdé léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí láyé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀, bàbá," ni ọmọ náà wí. "Mi ò lè fẹnu sọ ọ́."

Wọ́n dé ibẹ̀. Ọmọ náà ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. "Pátákó ni kí ẹ máa wò o. Ẹ má wẹ̀yìn." Ó sì jáde.

Nǹkan kan já lulẹ̀ níta, gbì! Gbẹ́nàgbẹ́nà wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ kan sáré bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró lójijì. Ó tún wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó mú un mọ́ra títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wẹ̀yìn wò. Ọmọ náà ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti wẹ̀yìn, bàbá! Ẹ̀yin tí ogun ò lé rí! Bí èmi bá wẹ̀yìn, tíṣà á ní olóríkunkun ni mí. Fèrèsé ga, mi ò rí màmá mi. Wọ́n ní kí n má gbé àbúrò mi wá. Ta ni kí n gbé e fún?"

Ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Ó ní, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, bàbá. Ẹ wọn ilẹ̀kùn, ẹ wọn fèrèsé. Ta ló wọn àwa?"

Ojú ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìtìjú náà fi di ayọ̀, nítorí iṣẹ́ tí òun mọ̀ ọ́n ṣe jù ni wọ́n ń bẹ òun sí. Ó fò dìde. "Ẹ pe gbogbo wọn wá! Ẹ jẹ́ kí n lọ mú okùn!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àgọ́ rọ́ dé. Ó wọn àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kékeré sì ń padà tò sẹ́yìn nítorí pé okùn ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín bí ó ti ń kàn wọ́n lára. "Ẹ wọn imú tèmi náà!" Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí bẹ́ǹṣì padà kí a máa rí ọ̀nà. Ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀ kí a máa rí èéfín ìdáná ìyá wa. Ẹ tẹ́ ẹní sí igun kan fún àwọn ìkókó. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn kejì.

"Ilẹ̀kùn kejì?" gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo. "Ọmọ á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì sá lọ wẹ̀ lódò!"

"Bí wọ́n bá fìwà jọ ẹ̀yin ni wọ́n á sá, bàbá," ni ìyá kan dá a lóhùn. Ilé rẹ́rìn-ín gèè.

Bàbá arúgbó kan láàárín wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iléèwé tí a ní nílé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ni ogun gbà wọlé."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà mú èédú, ó sì fi fa ilà ilẹ̀kùn kejì sára ògiri lójú ẹsẹ̀. Ó yíjú sí arúgbó náà, ó ní, "Kí ni ó tún kù, bàbá?" Arúgbó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá àwọn ọmọ jókòó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí òun máa dárúkọ oko àti odò ilé fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ sunkún sunkún, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ó dákẹ́.

Láti ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ń fa ìṣó, àwọn ìyá ń po amọ̀, tíṣà ká ṣòkòtò sókè, ó ń ru omi. Ará ìlú tó wá wòran kò mọ ìgbà tí òun náà gba ọkọ́. Amọ̀ ilẹ̀kùn kejì kò tíì gbẹ tí kòkó fi dé. Olórí àwọn oníkòkó kó àpò rẹ̀ wá, ó sì lọ pe Baálẹ̀ kí ó wá wo ilé òfìfo.

Ibẹ̀ ni Alàgbà ti dúró. Ó fi ọwọ́ lé ìwé ọmọ rẹ̀.

"Fẹ́hìntọ́lá, o kọ iye ìwé, o kọ iye oúnjẹ, o kọ iye tíṣà. Mo wá a títí, mi ò rí ibi tí ọmọ kan ti sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ṣe àṣìṣe rẹ̀, ìfẹ́ náà ni o fẹ́ fi ṣe tìrẹ. Dé àgọ́ kí o tó dé ìpàdé. Bi àwọn ọmọ, bi àwọn ìyá, bi arúgbó. Bí wọ́n bá sọ ohun tí o kò retí, má tètè rẹ́rìn-ín. Àwọn ni yóò gbé inú ètò yìí, ìwọ kọ́."

Fẹ́hìntọ́lá ti dìde, ó ti ń wá bàtà. "Mo ń lọ, Bàbá, mo ń lọ! Ṣùgbọ́n ta ló gba ilé náà?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ni Baálẹ̀ bá níbẹ̀, àti ìkókó mẹ́fà lórí ẹní. Olórí àwọn oníkòkó ní àyè díẹ̀ ṣì kù. Baálẹ̀ ní àwọn ọmọ mìíràn ni yóò kún un. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé náà lápò, ó sì fi lé ìyá ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ìlú, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 1953.