Abíyamọ Tó Na Ọrùn fún Baálé

Láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró, ọmọ ìdílé tí wọ́n ti ń hun ẹní, bí àkọ́bí rẹ̀ sí ìlú ọkọ. Ọmọ náà sanra, ó sì ń mu ọmú bí ẹni tí ebi ti ń pa kó tó délé ayé. Ìyá rẹ̀ gan-an ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ọjọ́ ìkómọ ni orí ti ń fọ́ ọ, kì í róorun sùn, omijé a sì máa dà lójú rẹ̀ láìsí ẹni tó bá a jà. Kò mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún, àìmọ̀ náà a sì tún máa bí i nínú.

Nílé bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ẹní híhun a máa mú kí ẹ̀yìn gan, nítorí náà wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u. Wọn a dùbúlẹ̀ gbalaja, wọn a gbé ẹsẹ̀ ti ògiri, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a wá tú èémí náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ṣe é lẹ́yìn ìbí gbogbo ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láràárọ̀ bí ọmọ bá ti sùn, orí fífọ́ náà sì ń rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú nìkan ni wọ́n ń tẹ́ gbalaja lórí ẹní lójú mọmọ. Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé omi gbígbóná wọlé tó bá a bẹ́ẹ̀, igbe ló fi bọnu.

"Yéè! Àwẹ̀ró, ta lò ń pe ikú fún? Ṣé ọmọ ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yìn ni mò ń tú, Ìyá. Ó ń jẹ́ kí ara tù mí."

"Abíyamọ tó fẹ́ kí ara tu òun a wẹ omi gbígbóná, a mu àgbo. Dìde níbẹ̀!"

Ó ká ẹní, ó gbé e lọ. Ìmọ̀ràn wá di òjò. Ẹnìkan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Òmíràn ní kó nu ojú nù, pé àìmọye ló ń wá ọmọ tí wọn kò rí. Gbogbo ẹni tó yà kí i ló mọ oògùn, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń ṣe é. Orí fífọ́ padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akínlabí ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó ń wo ìyá, ó ń wo ìyàwó, ó ń họ orí.

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ pe ẹbí jọ síwájú baálé.

"Ọmọ yìí ló ń da orí ìyá rẹ̀ rú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lóko, yóò máa fi ògì tọ́ ọ. Bí kò bá rí i mọ́, ara rẹ̀ á balẹ̀."

Baálé mi orí, àwọn yòókù náà mi orí. Ìyá ọkọ nawọ́ láti gba ọmọ.

Inú bí Àwẹ̀ró débi pé omijé gbẹ lójú rẹ̀. Ó pọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn gírígírí, ó wọlé, ó mú àdá ọkọ rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú baálé, ó kúnlẹ̀, ó sì na ọrùn.

"Bàbá, ẹ bẹ́ ẹ."

"Kí n bẹ́ kí ni?"

"Orí mi ni, Bàbá. Òun náà ló ń fọ́ mi. Mo ní orí ń fọ́ mi, wọ́n gba ẹní tó ń tù mí lára. Ó tún ń fọ́ mi, ẹ fẹ́ gba ọmọ mi. Ẹ kúkú bẹ́ ẹ dànù! Kò tún ní fọ́ mọ́ láéláé, gbogbo yín á sì sinmi!"

Baálé fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ìyá ọkọ wálẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ta ló ń fi ìyẹn ṣe oògùn?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn, Ìyá."

Baálé ní kí wọ́n dá ẹní Àwẹ̀ró padà, kí ìyá ọkọ sì máa gbé ọmọ fún un láràárọ̀ bó bá ń na ara. Ìyá ọkọ kùn, ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ. Orí fífọ́ náà kò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó lọ, ọmọ sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.