Wákàtí Mẹ́wàá Bàbá Láṣebíkan

Bàbá Láṣebíkan, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bàálù fún àwọn ológun, ra ọ̀kan nínú àwọn ògbólógbòó bàálù wọn ní gbàǹjo. Ọ̀gá Fádípẹ̀, tó ń fúnni níwèé àṣẹ, fẹ̀yìn ti àga, ó ní: “Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé bàálù ológun fò láìní ìwé àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò fún wákàtí mẹ́wàá kí n tó fún yín níwèé.” Bàbá ò jiyàn. Ó ní: “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Arúgbó ni mí, mo máa ń gbàgbé. Ẹ bá mi kọ ohun tí bàálù náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀.” Fádípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ pé, “Bàálù yìí gbọ́dọ̀ fò fún wákàtí mẹ́wàá,” ó fọwọ́ sí i, ó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Bàbá gbé ìwé náà lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí òǹtẹ̀ ọ̀gá wọn báyìí, wọ́n ní kó gbéra. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó àkọsílẹ̀ wákàtí mẹ́wàá géérégé wá. Fádípẹ̀ fò dìde: “Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e fò?” Bàbá tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀: “Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Àbí kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín l'Ábújá bóyá òǹtẹ̀ yín ń purọ́ ni?” Kíá ni Fádípẹ̀ fọwọ́ síwèé àṣẹ. Láti ọjọ́ náà, tí arúgbó kan bá ti ní kí wọ́n bá òun kọ nǹkan sílẹ̀, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dun Fádípẹ̀.