Ìbọn Tí Tíṣà Ní Ó Ti Kú

Ìbọn ìléwọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, tíṣà eré ìdárayá, fi ń ṣí eré sísá nílé ìwé wọn. Kò sí ọta tó ń pànìyàn nínú rẹ̀, ariwo lásán ni, ṣùgbọ́n iná gidi ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn eléré mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Látúndé na ìbọn sókè, ó fà á. Ìbọn ní "kẹ́", kò dún. Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ló bá kọjú ẹnu ìbọn sí ara rẹ̀, ó ń yọjú wo inú rẹ̀.

Odérìndé, ọdẹ àgbà tó ń ṣọ́ ọgbà ilé ìwé náà, pariwo: "Tíṣà, ẹ gbé e kúrò lójú! Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ gbà kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun?"

"Bàbá, ìbọn yìí ti kú."

"Ẹ dojú òkú ọ̀hún kọ ilẹ̀ ná."

Nítorí pé àgbà ló sọ̀rọ̀, Látúndé dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Kó lè fi han bàbá pé òótọ́ lòun ń sọ, ó tún fà á.

Gbàmù! Iná jó koríko ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Àwọn eléré gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n sá lọ.

Nígbà tí wọ́n sáré tán, ọ̀gá ilé ìwé bi í pé ta ló ṣe ipò kìíní. Látúndé fọwọ́ kan ojú ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì.

"Mi ò mọ̀, sà," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríran."