Òkété Tó Ń Fi Àìsàn Ra Pẹ̀lẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gba ẹnu ihò jáde, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó lọ jókòó ti Òkété, ẹni tí ara rẹ̀ le koko tó ní ara òun ò yá.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ń dá gbé inú ihò rẹ̀ lẹ́bàá odò. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Bó bá jí, ara rẹ̀ ló ń kí. Ní ọdún kan, ibà kì í mọ́lẹ̀. Ẹtu, opó kan tí oko ẹ̀wà rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, gbọ́ ìkérora rẹ̀. Ó wọlé tọ̀ ọ́, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara fún un, ó po ògì fún un mu. Ó ń wí pé, "Àkàngbé, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Láti ìgbà tí ìyá Òkété ti kú, kò sẹ́ni tó pè é ní Àkàngbé mọ́. Ọ̀yà gbé iṣu wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹ̀kùrọ́ wá. Ilé kún.

Ibà lọ. Àwọn àlejò náà lọ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Òkété fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Àṣé ara líle ò níyì."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wá wèrèpè lọ. Ó fi ra itan, ó fi ra ikùn. Kò pẹ́ tí ara fi wú bí àkàrà inú epo. Ó na ara sílẹ̀ lẹ́nu ihò, ó forin bẹnu. Ẹ bá mi gbè é, "Pẹ̀lẹ́ o" ni tiyín:

Ara mi ò yá, ẹ̀yin ará ilé,
Pẹ̀lẹ́ o.
Bí mo bá dìde, òòyì a kọ́ mi,
Pẹ̀lẹ́ o.
Bí mo bá jókòó, ẹ̀yìn a ro mí,
Pẹ̀lẹ́ o.
Iṣu gbígbóná nìkan ló ń wọlé,
Pẹ̀lẹ́ o.

Ẹtu ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré dé. Ó fi àdín pa á lára. Bí ara bá ti fẹ́ẹ́ joro, Òkété á tún yọ́ lọ sídìí wèrèpè. Nígbà tí ara wíwú sú u, ó ní orí ni. Bó bá gbúròó ẹsẹ̀, á sáré gbé iwájú orí sún mọ́ iná ààrò. Ẹtu á gbọ́wọ́ lé e, á ní, "Orí yìí gbóná bí iná." Iná náà sì ni lóòótọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fa Ẹtu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, irú àìsàn wo ló ń jẹ iṣu mọ́ èèpo?"

Ẹtu ní, "Má wí bẹ́ẹ̀. A kì í fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́."

Lóko, ẹ̀wà Ẹtu gbẹ, ó là, ó dà sílẹ̀. Àparò ṣà á jẹ. Òkété gbọ́. Àánú ṣe é díẹ̀, àmọ́ pẹ̀lẹ́ dùn mọ́ ọn ju àánú lọ.

Ó wá gbọ́ pé Erin, olórí gbogbo ẹranko, lọ kí Àgbọ̀nrín tó dá lẹ́sẹ̀. Owú jẹ ẹ́. Ó ní, "Èmi tí mo ti ń ṣàìsàn bọ̀ kí Àgbọ̀nrín tó bẹ̀rẹ̀?" Ó lọ sídìí igi bọ̀tujẹ̀, èyí tí kóró rẹ̀ ń da inú rú. Ẹyọ kan ti tó dáni lágara. Ẹ̀kúnwọ́ ni Òkété jẹ.

Erin wá lóòótọ́. Òkété fẹ́ kọrin, ohùn ò jáde. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Erin mú Òòrẹ̀ arúgbó dání, ẹni tó mọ ewé àti egbò.

Òòrẹ̀ bi í pé, "Kí lo jẹ?"

"N kò jẹ nǹkan kan, Bàbá."

Òòrẹ̀ ní, "Ewé tó ń wo ẹnì kan lè pa ẹlòmíì. Bí n kò bá mọ ohun tó wọlé, báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e jáde?"

Òkété wo ojú Erin, ó wo ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé wọn wọlé. Bó bá sọ ọ́, ìtìjú ni. Bí kò bá sọ ọ́, ikú ni. Ó panu mọ́. Wọ́n bọ́ síta lọ gbìmọ̀.

Ẹtu nìkan ló kù, ó ń nu èébì. Òkété rí i pé ọwọ́ rẹ̀ bó yánnayànna.

Ó rọra ní, "Ìyá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń fi àdín pa ọ́ lára ló ti ń yún mi. Ó jọ pé àìsàn rẹ ló ràn mí. Kò burú, o ṣáà máa gbádùn."

Omijé bọ́ lójú Òkété. "Kò ràn yín, Ìyá. Wèrèpè ni. Èmi ni mo ń fi ra ara mi. Kóró bọ̀tujẹ̀ ni mo sì jẹ lánàá."

Ẹtu wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀wà mi ńkọ́?"

Ẹtu dìde, ó jáde, ó lọ sọ fún Òòrẹ̀. Òòrẹ̀ lọ èédú kúnná, ó pò ó mọ́ omi, ó rọ ọ́ fún un. Bí Òkété kò ṣe kú nìyẹn.

Erin dájọ́ pé Òkété ni yóò tún oko Ẹtu ro, yóò gbin ẹ̀wà, yóò ká a. Iyẹn ò dun Òkété. Ohun tí Ẹtu sọ ló dùn ún. Ó ní, "Àkàngbé, ká ní o wí pé, 'Ìyá, ẹ wá bá mi jókòó,' ṣé n kò ní wá?"

Ojú ń ti Òkété láti bá ẹnikẹ́ni pàdé lójú ọ̀nà oko. Ló bá ń sùn lọ́sàn-án, tó ń lọ roko lóru. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ fi sétí kí ẹ tó forí lé ẹní. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fẹ́ ẹni, kó pe ẹni. Kó má rán àìsàn níṣẹ́, nítorí àìsàn tí a bá rán níṣẹ́ kì í padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin ọmọdé tí inú sì máa ń run bílẹ̀ oko bá ti mọ́, mo ti rí yín.