Ọkùnrin Tó Ń Ki Ajubọ́ọ̀lù

Ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí kò sí ohun tó ń tètè jí i lówùúrọ̀ Sátidé bí kò ṣe bésíbọ́ọ̀lù. Bóyá o kò mọ eré náà. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì kékeré, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kejì á dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú igi, á fẹ́ gbá a. Bó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n lé e kúrò nìyẹn. Onígi ni àwọn ará ìlú fẹ́ràn, nítorí òun ló ń mú kí bọ́ọ̀lù fò kọjá odi. Ọkùnrin yìí kò rí ti onígi rò. Ó ní láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni àwọn ìyá wa ti ń fi igi gún iyán, ṣùgbọ́n kí ènìyàn ju nǹkan, kí nǹkan náà sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn.

Ó máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò ọ̀tún. Bí bọ́ọ̀lù kan bá ti kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, á mú òkúta kan sápò òsì. Bó ṣe ń ka ọkọ̀ ẹrù nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ nínú ẹgbẹ́ ìlú náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Àkànó ni oríkì rẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, tó yí ẹ̀yìn díẹ̀, tó wá ju bọ́ọ̀lù, onígi á ṣì máa múra nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dún nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń gbà á. Ó tún ní bọ́ọ̀lù mìíràn tó máa ń bọ̀ tààrà bí olóòótọ́ ènìyàn, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé, á rì sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lé onígi mọ́kànlá kúrò láìsí èyí tí igi rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò rántí oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó mọ ìdílé ọmọ náà. Ọmọ Ìkòyí ni wọ́n, ogun ni iṣẹ́ baba wọn. Nítorí náà, bó bá ti rí i pé ó ń rẹ Àkànó, á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á gbóhùn sókè: “Àkànó, ọmọ Ìkòyí, ọmọ àwọn tí kì í kẹ̀yìn sógun.” O mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ Yorùbá. Orí ọmọ náà á wú, àárẹ̀ á sá, bọ́ọ̀lù tó bá jù lẹ́yìn náà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èrò á pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún bàbá tó ń kì í. Kí n má purọ́, ìyẹn náà dùn mọ́ ọn.

Olùkọ́ ẹgbẹ́ náà, obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ti fi òfin lélẹ̀ pé Àkànó kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù kọjá àádọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ó fọwọ́ pè é nígbà tó pé. Ọkùnrin náà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Àkànó ṣe bí ẹni tí kò rí olùkọ́, ó ń jù ú lọ. Ẹgbẹ́ wọn borí. Òkúta méjìlélọ́gọ́fà ló bá ọkùnrin náà délé nínú àpò òsì.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọsàn, ó lọ kí ọmọ náà. Ó bá a nídìí ẹ̀bà. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Ojú ọkùnrin náà le, ó bèèrè irú ẹ̀kọ́ ilé tí ìyẹn jẹ́. Ìyá ọmọ náà ló dáhùn.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀tún ò gbé òkèlè dé ẹnu láti àárọ̀.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ó máa tó lọ, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ kì mí lánàá.”

Ọpẹ́ yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Ó gbé ọsàn kalẹ̀, kò lè jókòó. Dókítà tí wọ́n mú ọmọ náà lọ bá ní apá náà yóò san bó bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún lò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣan lè já, kò sì ní ju bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọjọ́ àṣekágbá sì dé. Ìlú náà kò gba ife rí. Àkànó ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà débi pé àwọn alátakò pàápàá ń mi orí. Nígbà tí òkúta pé àádọ́rùn-ún, onígi kan ṣoṣo ló kù láti lé kúrò. Ẹyọ kan ni ẹgbẹ́ wọn fi ṣíwájú, méjì nínú àwọn alátakò sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń retí àtisáré padà sí ìdí onígi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gba ẹyọ kan. Olùkọ́ jáde, ó ní kí Àkànó sọ̀kalẹ̀. Ó kọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú, kò sì wo olùkọ́. Bẹ́ǹṣì ọkùnrin náà ló ń wò. Oríkì ló ń dúró dè.

Gbogbo èrò yíjú síbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà tì í léjìká. “Bàbá, ẹ tètè kì í. Ẹnì kan péré ló kù.”

Ọkùnrin náà fẹ́ ife yẹn. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ ẹ bíi tirẹ̀ ní gbogbo pápá. Ó dìde, ó gbóhùn sókè bó ti máa ń ṣe.

“Àkànó, ọmọ Ìkòyí. Jagunjagun tó mọ ìgbà ìjà, tó mọ ìgbà ìsinmi. Akíkanjú tí ń gbé apá rẹ̀ relé. O ti ṣe é. Máa bọ̀, ọmọ mi, ó tó.”

Ìdílé náà kò ní irú oríkì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà fi bọ́ọ̀lù lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n gba ipò rẹ̀. Kò ṣojo, ó ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n onígi tó kù gbá a kọjá odi. Ẹgbẹ́ kejì ló gbé ife lọ.

Àwọn èrò bú ọkùnrin náà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún kúrò. Ó jókòó, ó ń wo Àkànó tó rìn lọ bá ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sunkún, tó gbé ọwọ́ lé e léjìká, tó sì mú un wọlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí òun ti rí tí ọmọ náà ṣe lórí pápá, èyí ló dára jù.

Ìwọ náà ní ọmọ tó ń ṣe dáadáa. Ó lè jẹ́ nídìí ìwé, ó lè jẹ́ nídìí iṣẹ́ ọwọ́. O ń yìn ín, o sì jàre, àwọn àgbà ló ní yinni yinni kí ẹni ó ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ti rí i tó ń rẹ̀ ẹ́, tí o sì tún yìn ín, nítorí pé bó ṣe ń ṣe é ń dùn mọ́ ọ níwájú ènìyàn. Kò ní dúró fúnra rẹ̀. Ojú rẹ ló ń wò. Bí o bá délé lónìí, pè é, yìn ín dáadáa, kí o sì ní kó lọ sùn.