Adìẹ Láyẹmí Tó Ń Yára Rìn

Ẹni méjì ló ń to eegun ní ìlú Agbọ́nrìn láyé àtijọ́. Ọ̀kan ni Láyẹmí, ẹlẹ́nu dídùn. Èkejì ni Bàbá Ọdẹ́yalé, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ wá, wọn á gba adìẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọn á ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀, wọn á sì fi oògùn kan náà di ti adìẹ àti ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn gbọ́dọ̀ dìde. Adìẹ Ọdẹ́yalé a máa pẹ́ nílẹ̀ títí á fi sú ará ilé. Ti Láyẹmí ńkọ́? Kíá ló ti ń sáré kiri ọgbà! Ta ni yóò wá gbé èèyàn rẹ̀ lọ bá Ọdẹ́yalé? Lóòótọ́, àwọn tó ń tiro pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n Láyẹmí ní wọ́n jẹ ẹyin, èèwọ̀ oògùn òun, ni, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́.

Ìgbà tó yá, Akínlàbí já bọ́ látorí ọ̀pẹ, itan rẹ̀ kán. Ọ̀pẹ ló ń kọ jẹun. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wọ́, ebi ti wọlé nìyẹn. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, kò sì tíì dákẹ́ nígbà tí Adéoyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dé.

"Ìyàwó, ẹkún kọ́ ló kàn. Mú adìẹ kan, ká máa lọ sílé Láyẹmí."

"Ọkọ mi àgbà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ Bàbá Ọdẹ́yalé."

"Kí àbúrò mi lè sùn sílẹ̀ títí di òjò ọdún tó ń bọ̀? Adìẹ ta ló ń yára rìn?"

Àwẹ̀ró gbé àgbébọ̀ rẹ̀, ó ń sunkún tẹ̀ lé àwọn tó gbé ọkọ rẹ̀.

Èrò ti kún iwájú ilé Láyẹmí. "Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi o!" ni ó kígbe. "Ojú ẹbí kì í rí i nígbà tí eegun bá ń kán!" Gbogbo wọn yíjú. Àwẹ̀ró fi ìborùn bojú, omijé ń dà wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á kó mójú kúrò lára ọkọ rẹ̀. Bó ṣe rí Láyẹmí nìyẹn: ó fi aṣọ bo adìẹ, ó fa igi gbígbẹ kan yọ lábẹ́ ẹní, ó sì ṣẹ́ ẹ. Kẹ̀ẹ́!

"Ó ti kán!" ni Láyẹmí wí. Ó sì ń wé ẹsẹ̀ adìẹ tí nǹkan kan kò ṣe.

Àwẹ̀ró kígbe. "Háà! Bàbá, igi lẹ ṣẹ́! Ẹ ò ṣẹ́ adìẹ!"

Láyẹmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi ná! Ẹni tí omijé kún ojú rẹ̀ bámúbámú, kí ló lè rí? Ìyàwó, lọ nu ojú."

"Ẹkún ni mò ń sun, Bàbá. Ojú mi ò fọ́!"

"Ìyàwó, má dójú tì mí," ni Adéoyè wí. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti já adìẹ gbà, ó ti tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Adìẹ gbọn ìyẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sá lọ.

Oyètádé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tiro, fi ọ̀pá rọra sún síwájú.

"Láyẹmí, adìẹ rẹ rìn, o ní kí n dìde. Nígbà tí eegun mi wọ́, o ní ẹyin ni mo jẹ. Mo lé ìyàwó mi lọ! Mo ní òun ló fi ẹyin sínú ọbẹ̀ mi! Yéè, mo gbé!"

Kò sẹ́ni tó lè wojú rẹ̀. Wọ́n gbé Akínlàbí, ó di ilé Ọdẹ́yalé. Adìẹ mìíràn tí Àwẹ̀ró mú lọ pẹ́ nílẹ̀ gan-an, Adéoyè kò sì ráhùn. Nígbà tí Akínlàbí dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ó sì padà sídìí ọ̀pẹ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ẹni tó ń sọ fún ẹlẹ́kún ní Agbọ́nrìn pé kò rí nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.